Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Ìka Mi Mọ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé wọ́n ti bá ọ dí òrùlé yàrá rẹ tó ń jò? Òjò kò ní bá ọ lórí ibùsùn o, láṣẹ Ọlọ́run. Èmi wà pa, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣé o ń jẹun? Má purọ́ fún mi.

Kọ̀ǹpútà tí o fún mi ló dákú, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ó ní ètò tó ń darí rẹ̀ ti gbó, ó yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i. Àwòrán wa kò sọnù, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tuntun tó wọ inú rẹ̀ yìí kò mọ ọwọ́ mi rárá. Mo fi ìka méjì fún àwòrán pọ̀ bí o ṣe kọ́ mi, kò dáhùn. Mo fi mẹ́ta wọ́ ọ, ó ń wò mí. Mo ní bóyá abẹ́rẹ́ ló ti jẹ ìka mi, mo fi òróró pa á, ni ibi pẹlẹbẹ tí a ń fọwọ́ pa níwájú kọ̀ǹpútà náà bá ń yọ̀ bí ẹja. Mo tiẹ̀ kí i káàárọ̀, mo ṣàlàyé fún un pé èmi ni ìyá onílé.

Èyí tó dùn mí ni pé àwòrán bàbá rẹ ló ṣí gbàgàdà, fìlà rẹ̀ nìkan ló kún ojú ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, ìka méjì ni mo fi ń kó o jọ, ojú rẹ̀ á yọ, á máa rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, fìlà ni mò ń kí láràárọ̀. Fìlà yẹn há a lórí, èmi ni mo rán an, kò sọ ọ́ títí ó fi papò dà.

O rántí bí mo ṣe ń di ìka rẹ mú lórí síléètì, tí a jọ ń kọ lẹ́tà? Nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, ìwọ lo di tèmi mú, o ní kí n rọra, pé kì í ṣe ẹsẹ̀ máṣíìnì ni mò ń tẹ̀. Ọwọ́ rẹ gbóná gẹ́lẹ́ bí ti bàbá rẹ.

Ẹni tó tún un ṣe ní kò le, pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ iṣẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan fún un, ó ti na ọwọ́ sí i. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù! Mo ní ọmọ mi ń bọ̀ wá ṣe é. Ó ní ìgbà wo, mo ní láìpẹ́. Má sọ mí di òpùrọ́ ládùúgbò.

Owó tí mo máa ń béèrè, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọkọ̀ wálé. Bó bá ṣẹ́ kù, ra òwú dúdú bọ̀ fún mi.

Ọ̀nà kò ní ṣe ọ́ bí àjèjì, ohun tí o bá fọwọ́ kàn á máa dá ọ lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ, tó jókòó ti fìlà.