Ọ̀nà Ìmísí

Màámi,

Ẹ kú àárò wa. Ara mi le, òtútù ibí sì ti ń mọ́ mi lára. Bàtà Ìmísí ni mo ń wọ̀ báyìí, ó móoru ju tèmi lọ.

Ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀! Àwọn tó ń ya máàpù, tí èmi àti Ìmísí àbúrò mi ń bá ru ẹrù ní ìpẹ̀kun ayé níbí, ti rí ọ̀nà tuntun láàárín òkè yìnyín méjì. Orúkọ Ìmísí ni wọ́n fi pè é, torí òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Èmi tí mo ṣì ń bá wọn jẹun, wọn ò fi orúkọ mi pe òkìtì kan.

Ẹ̀yin lẹ ní kó máa ṣíwájú, pé ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n ń rìn kí ojú rẹ̀ lè wà lára àbúrò. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ojú mi wà lára rẹ̀, Màámi. Yìnyín ibí a máa bo kòtò bí ẹní.

Ẹ yé pe fóònù rẹ̀ mọ́. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbi tó wà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fi máàpù náà han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní fi ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sí kì í ṣe ibi tí òbí ń wò.

Ẹ bá mi kí Àníkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bó bá ti bímọ, ẹ sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ má dúró de bàbá rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Dáramọ́lá