Gèlè tí mo nà sójú ọ̀nà

Àjàṣẹ́, Ọjọ́ Àìkú, 1974

Orúnkún Rasákì ọmọ mi ti wú. Mo gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tó ti tó gbéyàwó! Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wá bàjẹ́ ńkọ́...

Ó lè gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje láti Kùtọnu síbí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló máa ń wà. Ẹni tó bá ti rẹ̀, òun ni yóò máa bá sá títí onítọ̀hún á fi dé. Kò sẹ́ni tó rán an.

Tòní, Bàbá Ràímì aránṣọ ni, ará àdúgbò Akron níbí. Lọ́dún tó kọjá ó jókòó sójú ọ̀nà láì parí eré, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ó ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo lọ dúró ní Ouando, níbi tí eré ti ń parí, kí n lè bá ọmọ mi wí. Kí àwọn méjèèjì tó yọ, àwọn kámáráàdì ìjọba tó ṣètò eré ti ká okùn ìparí, wọ́n ti lọ sí ìpàdé. Bàbá Ràímì wò ó pé kò sí okùn, ó fẹ́ dúró.

Mi ò mọ ohun tó sún mi. Mo tú gèlè mi, mo ní kí aláàkàrà kan di etí kejì mú.

"Bàbá Ràímì, okùn yín rè é o! Ẹ má dójú tì wá!"

Ó fi àyà gbà á, ó bú sẹ́kún. A pariwo, a kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká gèlè mi.

"Màmá, ẹ dúró ná," Rasákì wí láti ẹ̀yìn wa. "Èmi ò tíì dé."

Mo tún na gèlè mi.