Ta Ló Kù Tó Mọ Ọ̀kẹ́rẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi mí sílẹ̀! Ọdún mẹ́ta! Wọ́n ní bó bá pẹ́ títí, ọgbẹ́ á jinná. Irọ́ ni wọ́n pa.

Iná ò tíì kú nínú ààrò búrẹ́dì yín o. Àbígbẹ̀yìn yín ló ń po ìyẹ̀fun báyìí, ó sì le mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiyín gẹ́lẹ́. A ti kan òrùlé ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àfi èmi.

Kò sẹ́ni tí kò ní orúkọ tó ń pè mí. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Màmá Oníbúrẹ́dì. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Ìyá Àgbà. Ará ilé ọkọ mi ṣì ń pè mí ní Ìyàwó, pẹ̀lú ewú orí mi yìí! Mo ń jẹ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ẹ sọ mí ní kékeré ńkọ́? Ọmọ tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, tí ẹ máa ń dúró nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń pariwo mọ́, ta ló tún mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì mú un lọ!

Lóṣù tó kọjá, mo sọ fún àwọn ọmọ pé mo mọ igi gùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú bí mi. Mo bọ́ bàtà, mo ká etí aṣọ mi sókè, mo di igi mángòrò ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì mú, mo sì gùn ún! Ẹ̀gbọ́n mi, mo dé ẹ̀ka àkọ́kọ́! Inú mi dùn débi pé mo kígbe pè yín. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ká ní ẹ rí àwọn òṣìṣẹ́ yín, bí wọ́n ṣe ń sáré gbé àkàbà bọ̀, tí gbogbo ojú wọn funfun fún ìyẹ̀fun!

Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní kí n sọ orúkọ mi, Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Ọmọ mi obìnrin bú sẹ́kún. Látọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ mi. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ká ní ẹ wà láyé ni, gbólóhùn kan látẹnu yín ì bá ti tó!

Àárò yín ń sọ mí, ó ń sọ mí gan-an ni! Mo fẹ́ràn yín, mi ò sì ní yéé fẹ́ràn yín. Àwọn tó ń pè mí ní ìyá ò lóǹkà. Ta ni mo fẹ́ ṣe àbúrò fún? Ẹ jọ̀ọ́, ta ni?