Ìyá Fotini Jókòó Sẹ́nu Ọkọ̀

                                        Ilé Ìyá Wa,
                                        Ẹ̀yìn Èbúté,
                                        Pothia, Kalimnos.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Agẹmọ.

Irini mi ọ̀wọ́n, ọmọ àbúrò ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń sọ èdè wa sí ọ, àbí ìlú Darwin yẹn ti gbà á lẹ́nu wọn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá tẹlifíṣọ̀n jà? Ara tèmi le, àfi ẹsẹ̀ mi kan tó wú. Ohun tó wú u náà ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Po kọfí rẹ kó o jókòó, nítorí n kò ní gé e kúrú.

O gbọ́ pé Kalliopi àbúrò mi bímọ obìnrin ní oṣù Ẹrẹ̀nà, oṣù méjì lẹ́yìn tí ìyá wa kú. O kò sì gbàgbé àṣà wa: ọmọbìnrin àkọ́kọ́, orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́. Nítorí náà, Nomiki ni. Kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀, àfi pé Ìyá Fotini, ìyá ọkọ Kalliopi, tí Fotini jẹ́ orúkọ òun gan-an, rí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó ní ẹni tó ti lọ kò lè gbọ́ bí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ̀, òun tí òun wà láàyè ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí, ọkùnrin sì ni. Òótọ́ ni pé ọmọbìnrin kejì ló máa ń jẹ́ orúkọ ìyá bàbá, ṣùgbọ́n òun ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ta ni yóò dúró de ọmọ kejì?

Kalliopi, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ní èmi tí mo jẹ́ ìyá ìsàmì ni n óò pe orúkọ níwájú àlùfáà, ohun tí mo bá pè ni kí gbogbo wọn gbà. Àlùfáà náà fi tirẹ̀ kún un. Ó ní aago márùn-ún ni ìsàmì, òun ní ìgbéyàwó láago mẹ́fà, bí ìyá ìsàmì kò bá dé, kí ìyá bàbá ọmọ gbé e dípò rẹ̀. Ṣé o rí ọ̀ràn? Mo ti ṣèlérí fún ìyá wa lórí ibùsùn ikú rẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ kò ní parun. Bí mo bá pẹ́, Fotini ni ọmọ ń jẹ́.

Ọkọ̀ òfuurufú tí mo wọ̀ láti Átẹ́nì, aago kan ló yẹ kó balẹ̀ ní Kos, ní òdìkejì omi. Aago méjì ààbọ̀ ló balẹ̀. Wọ́n ní atẹ́gùn ni. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sílé wa sì ń ṣí ní èbúté Mastikari láago mẹ́ta géérégé, òmíràn di aago méje. Atukọ̀ rẹ̀ ni Sakellaris, èyí tó bá wa jókòó nílé ìwé, tó máa ń sunkún bí a bá mú pẹ́ńsù rẹ̀. Ó ti di ọkùnrin tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni báyìí. Ó ti fi ìyàwó ara rẹ̀ sílẹ̀ sétí omi rí, tòun ti ẹja tó rà.

Mo bẹ́ sínú takisí. Stamatis lorúkọ awakọ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Irini, ìgbà tí awakọ̀ bá ti ní kí n fọkàn balẹ̀ ni àyà mi máa ń já. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí a kọjá ló ṣe àmì àgbélébùú sí, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ tó fi ń wakọ̀ gan-an ló sì ń lò. Ó dúró ra kọfí tútù. Ó ra tèmi náà, kò gbà kí n kọ̀. Mo ń wo aago, mo ń fi ẹ̀rín bo ìbínú. Nígbà tí a dé oríta Antimakia, ó tún tẹ bíréèkì. Ìyá àgbà kan dúró sínú oòrùn, ó na ọ̀pá rẹ̀ sójú títì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró.”

“Àǹtí, ìyá àgbà ni! Ṣé ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ bí ẹja ni?”

Ó ṣílẹ̀kùn. Ta lo rò pé ó wọlé? Ìyá Fotini fúnra rẹ̀! Ó wá rí dókítà orúnkún ní Kos láàárọ̀, bọ́ọ̀sì sì ti fi í sílẹ̀.

“Háà, ọmọ Nomiki,” ó ní. “Mo ti rò pé o kò ní lè wá.”

Mo rí i pé ó ti rò ó lóòótọ́, nítorí àbẹ́là gígùn kan wà lábíyá rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e, rìbọ́ọ̀nù funfun yọ lórí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló gbé dání.

“Àbẹ́là ni. Bí ẹni tó yẹ kó wá kò bá wá ńkọ́? Ṣé inú òkùnkùn la óò ti sàmì fún ọmọ ni?” Ó tún wò mí látòkè délẹ̀. “O rù. Ṣé wọn kì í jẹun ní Átẹ́nì ni?”

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo tún ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀: bí èmi bá pẹ́, òun náà yóò pẹ́.

A dé Mastikari, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ki eré mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yọ owó, Ìyá Fotini náà yọ owó. Ìwọ náà mọ̀ wá. Tèmi ni pé òun ni àgbà, ẹnu wo ni n óò fi sọ pé àgbà ló san owó takisí mi? Tirẹ̀ ni pé èmi ni àlejò, ṣé kí wọ́n wá gbọ́ ní Pothia pé ọmọ Nomiki ló san owó ọkọ̀ fún òun? Mo ti owó bọ Stamatis lọ́wọ́, Ìyá Fotini já a gbà, ó kì í bọ àpò mi. Mo yọ ọ́, mo jù ú sórí àga iwájú, ó fi ọ̀pá gbá mi lọ́wọ́.

“Ojú ò tì ọ́!”

“Ẹ̀yin gan-an lójú ò tì, ẹ gbówó yín!”

Àwọn tó ń mu ọtí létí omi dìde láti wòran. Stamatis gba ti àwa méjèèjì kí àlàáfíà lè jọba, ó sì fò lọ. Báàgì mi wà nínú búùtù rẹ̀.

Inú báàgì yẹn ni aṣọ funfun ọmọ wà, pẹ̀lú òróró, àgbélébùú wúrà kékeré àti àbẹ́là mi. Ìyá ìsàmì tó dé lọ́wọ́ òfo, ó sàn kó má dé rárá. Mo figbe ta, mo sáré tẹ̀lé takisí nínú eruku tèmi ti bàtà gogoro, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá Fotini ń rọra wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tòun tọ̀pá, tòun tàbẹ́là. Irini, mo ní ó tán. Kò tilẹ̀ ní láti ṣe nǹkan kan. Kó sáà jókòó, kó dákẹ́, kí Sakellaris ṣe bó ti máa ń ṣe, ọmọ ti di Fotini nìyẹn. Mo sunkún, n kò ní parọ́ fún ọ. Mo pe ìyá wa, mo ní kó má bínú sí mi.

Ẹnì kan ní ilé ọtí mọ nọ́ńbà Stamatis, ó bá mi pè é. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò kó tó padà dé, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì tún ń ṣe àmì àgbélébùú. Mo gba báàgì, mo yíjú sómi, mo rò pé òfìfo ni n óò rí. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀! Afárá irin ẹnu rẹ̀, èyí tí mọ́tò ń gbà wọlé, ṣì wà nílẹ̀. Àárín rẹ̀ gan-an ni Ìyá Fotini jókòó sí, lórí àpótí ẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbalaja. Sakellaris wà lókè, ó ń lọgun, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Ìyá, ẹ dìde! Mo fẹ́ gbé afárá sókè!”

“Gbé e. Ṣé mo dì ọ́ lọ́wọ́ ni?”

“Ẹ óò já sómi!”

“Orúnkún ló ń dùn mí. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ dìde lójijì.”

“Ọdún mẹ́tàlélógún rèé, n kò pẹ́ rí!”

“O ti pẹ́ báyìí. Ṣé o kú?”

Nígbà tó rí mi, ó na ọwọ́ kí n fà á dìde. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ pàtẹ́wọ́, àfi Sakellaris.

Mo jókòó tì í, mo bi í pé kí ló dé tó fi dúró dè mí. Ó ní, “Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Bí mo bá fẹ́ borí rẹ, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni n óò ti borí rẹ, lójú gbogbo ayé.” Mo ṣí báàgì wò. Oòrùn ti yọ́ àbẹ́là mi nínú búùtù, ó ti ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Ìyá Fotini wò ó, ó pòṣé, ó tú ìwé ìròyìn kúrò lára tirẹ̀, ó sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà bi mí léèrè orúkọ ọmọ. Mo wo Ìyá Fotini, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń ka àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n kùn síbẹ̀. Irini, orúkọ kejì yẹn dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, “Nomiki.” Àlùfáà ri ọmọ bọmi lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ fi igbe dá a lóhùn.

O mọ̀ pé ìyá ọmọ kì í wá síbi ìsàmì. Kalliopi tẹ̀ lé àṣà, ó jókòó sílé, ó ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sáré mú orúkọ wá gbẹ̀bùn. Àwọn ọmọdé sáré títí, ìgbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ẹnì kan ti ṣáájú wọn. Ìyá Fotini ti gbé takisí! Kalliopi ní ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, “Nomiki ni o. Kó pẹ́ láyé fún ọ.” Ó sì gba ẹ̀bùn rẹ̀, kò fi sílẹ̀ fọ́mọdé kankan.

Inú ilé ìdáná ni mo bá a, òun nìkan, ó ń sunkún. Mo dì mọ́ ọn. Ó gbà fún mi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní egungun mi ń gún òun, kí n lọ jẹun.

Sakellaris kò kí mi mọ́ lójú títì. Bá mi kí ìyá rẹ gidigidi, kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí gbogbo ará wa tó wà ní Darwin. Bí ẹ bá sì dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá wa fi ọmọbìnrin kejì, tí yóò jẹ́ Fotini, sínú àdúrà, kó sì tètè dé. Ìyá àgbà jókòó dè mí. Bí ọkọ̀ ọ̀run tirẹ̀ bá fẹ́ ṣí, n kò mọ ibi tí mo lè jókòó sí láti dá a dúró.

Èmi ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,

Themelina.