Èmi Ni Ẹni Tí Wọ́n Máa Pè

Abà Ìdí-Ọsàn,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá.

Hamdalah ọmọ mi,

Nǹkan mẹ́rin ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé: ọgọ́rùn-ún kìlómítà tí o fẹ́ sá, èékánná ẹsẹ̀ rẹ méjì tó já, ọjọ́ Ajé tí o fi ń sinmi, àti orúkọ mi tí o kọ sínú fọ́ọ̀mù. Kí n tó dé orí wọn, mo kí ọ o. Ìgàndo ńkọ́? Àwọn ọmọ iléèwé tí ò ń kọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi orúnkún mi òsì. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan kò tíì lè dìde dáadáa, mò ń ṣọ́ ọ. Òjò ti dáwọ́ dúró, a ti ń wa iṣu. Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ tí n kò pè ọ́, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọláídé, olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ló ṣí àwọn ìwé tí o fi ránṣẹ́ fún mi lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ó gbéra ní Àgbàdo, ẹ ó sáré kọjá Ìtòrì, ẹ ó sì tún yí padà wá sí Àgbàdo. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé Àgbàdo lẹ fẹ́ wà nírọ̀lẹ́, ṣebí Àgbàdo náà lẹ wà láàárọ̀. Mo bi Ọláídé pé kí ni wọ́n rán yín lọ gbà ní Ìtòrì, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní ta ló ń lé yín, ó ní, Bàbá, kò sẹ́ni tó ń lé wọn, wọ́n tiẹ̀ sanwó kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè ni. Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní àṣé owó wà nínú ìrìn, òun sì ti fi ogójì ọdún rin ọ̀nà oko lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé ìmúrasílẹ̀ tó wà nínú àwọn tí o fi ránṣẹ́, mo dà á kọ sínú ìwé mi. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé ọjọ́ Ajé ni ìsinmi. Ta ló níṣẹ́ lọ́wọ́ tó ń sinmi lọ́jọ́ Ajé? Bí wọ́n bá ti dá ọ dúró níbi iṣẹ́, sọ fún mi jàre, n kò ní bínú. Mo tún rí i pé o sá ogójì kìlómítà ní Àìkú tó kọjá, láti Ìgàndo gba Ìkòtún lọ sí Ayọ̀bọ̀ kí o tó padà sílé, pé Àìkú tó ń bọ̀ yóò jẹ́ ọgbọ̀n, èyí tó tẹ̀ lé e méjìlá, tí yóò wá ku márùn-ún lọ́sẹ̀ ìdíje fúnra rẹ̀. Agbára ń tán nìyẹn. Ọláídé ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí ẹsẹ̀ lè sinmi. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń rẹ̀ bí mo bá rí i.

Ti pé ẹ ó máa jẹ ọ̀dùnkún sísè bí ẹ ṣe ń sáré, ìyá rẹ kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìjókòó lòun fi kọ́ ọmọ òun ní oúnjẹ. Òrí tí o béèrè fún èékánná ẹsẹ̀ rẹ, ó ti dì í sínú ike. Ìyẹn nìkan ni mo fara mọ́. Òrí ni bàbá mi máa ń fi pa ẹsẹ̀ bó bá ń ru obì lọ sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n òun máa ń sùn lọ́nà.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Mo ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fúnra mi. Wọ́n béèrè ẹni tí àwọn máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, o sì kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà mi. O ní ọ̀rẹ́ ní Ìkòtún, ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Èkó, èmi lo mú. Àyà mi já, mo sì dúpẹ́.

Wọn kò tíì bí ọ nígbà tí èmi àti Gàníyù àbúrò mi ń gbẹ́ kànga. Bí ẹnì kan bá ti wọlẹ̀, ẹni tí yóò máa pè gbọ́dọ̀ jókòó létí kànga, kí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní jẹun, kò ní dìde, títí ẹni ìsàlẹ̀ á fi jáde. Lọ́jọ́ tí yẹ̀pẹ̀ ya lu Gàníyù, ó ti tó wákàtí kan tí mo ti fẹ́ lọ tọ̀, mo mú un mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí mi pè, mo fà á jáde. Ká ní mo ti dìde ni, kì bá máa ta sìmẹ́ǹtì ní Ìlọrin lónìí.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà. Láti Sátidé tí mo ti ka fọ́ọ̀mù náà, n kò fi fóònù mi pe ẹnikẹ́ni, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pè mí ni mo ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Mo so ó mọ́ ọrùn. Orí àpáta nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, ibẹ̀ ni mo ń jókòó láti àárọ̀. Ọláídé ní, Bàbá, ìdíje ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀, ta ló fẹ́ pè yín báyìí? Mo ní wọn kò kọ déètì sídìí orúkọ mi. Ó ní kí n kúkú kó ẹní mi lọ sórí àpáta. Ó ní pípè lásán ni, pé mo lè jẹ́ ìpè náà láti abà níbí. N kò gbà. Bí wọ́n bá pè mí tí mo wà ní Ìdí-Ọsàn, kí ni mo fẹ́ fà? Okùn wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀?

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ní kí o má lọ. Ìyá rẹ ní ọmọ tó ti fi oṣù méje jí sáré kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ni lẹ́tà mi fẹ́ dá dúró níbẹ̀? Òótọ́ ni. Nítorí náà mò ń bọ̀. Bá mi sọ fún àwọn olórí ìdíje kí wọ́n fi ibi tí ẹ ó parí sí ní Àgbàdo hàn mí, lábẹ́ ibòòji, n ó gbé àpótí ìjókòó mi dání. Ibẹ̀ ni n ó wà títí o ó fi dé, ì báà di ọjọ́ kejì. Bó bá sì rẹ̀ ọ́ lọ́nà, jókòó, kì í ṣe ìtìjú. Ní kí wọ́n pè mí, n ó wá mú ọ.

Fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Má gba báǹkì kọjá o, torí bí báǹkì bá tún lọ ń fi fóònù sọ fún mi pé owó wọlé, wọ́n á dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ pè mí.

Kí Ọlọ́run tó fi ẹsẹ̀ méjì rán ọ wáyé bá ọ ṣọ́ méjèèjì. Kí gbogbo ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ dá ọ padà fún wa. Ìdíje di Sátidé ọjọ́ kọkànlélógún, èmi Ràímì bàbá rẹ yóò kúrò nílé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá.