Alhaja Kúbúrátù Ṣónúgà, Ẹni Tí Kò Fi Èéfín Pamọ́

Ọmọ bíbí ìlú Ìbẹ̀fún ni Alhaja Kúbúrátù Àbẹ̀kẹ́ Ṣónúgà. Ọdún 1951 ni wọ́n bí wọn sí agboolé Alfa Sùnmọ́nù Adésànyà. Ìyá wọn, Ràbíátù, a máa yan gàrí, gbogbo Ìbẹ̀fún ló sì mọ gàrí náà: ó kan, ó gbẹ, kò ní yanrìn. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wọn. Kúbúrátù, Màmá tí à ń sọ yìí, ni àkọ́bí, Wàhábì tẹ̀lé wọn ní 1959. Ẹ̀yìn Màmá ni Wàhábì gùn dàgbà.

Ìbẹ̀fún ni Màmá ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ síwájú ní Òdógbólú. Alfa, baba wọn, fẹ́ kí ìwé wọn dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ni baba bá ní, “Ó tó, máa lọ.” Ní 1974 wọ́n parí ẹ̀kọ́ nípa àkọsílẹ̀ ìlera ní Ìbàdàn, ìjọba sì gbà wọ́n sí ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ní 1976 ni wọ́n ṣe yìgì pẹ̀lú Alhaji Abdulbasit Ṣónúgà, oníṣòwò páànù, tí Ọlọ́run pè ní 2012.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Màmá kàn ń to fáìlì ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn, ó ti wá ìjà. Àìsàn àti ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan, Màmá ló ń wá nọ́ńbà náà tí wọ́n á kọ ọ́ sí fáìlì aláìsàn. Ẹni tí iná bá bá jà, nọ́ńbà kan kò tó o. Wọ́n á kọ ibi tí iná jó àti bó ṣe jinlẹ̀ tó, wọ́n á kọ èéfín tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á sì kọ ohun tó fà á, bóyá èèṣì ni tàbí ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Màmá kì í méfò. Ohun tí kò bá yé wọn, wọ́n á gbé fáìlì padà tọ dókítà lọ. Àwọn dókítà mìíràn tilẹ̀ ń yà sẹ́yìn ilé bí wọ́n bá rí wọn lókèèrè.

Ní oṣù Kejì ọdún 1998, sítóòfù gbiná nílé Wàhábì, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò sí nílé. Ikhlas, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló wà nínú yàrá. Ọwọ́ òsì nìkan ni iná jó, ṣùgbọ́n èéfín ti wọ̀ ọ́ nínú gidigidi kí àwọn ará àdúgbò tó já ilẹ̀kùn, tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn Màmá. Dókítà kọ ọ́ pé èèṣì sítóòfù ni. Nígbà tí fáìlì dé iwájú Màmá, ọkàn wọn kò balẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré, èéfín rẹpẹtẹ: kí ló dé tí ọmọbìnrin tó lágbára bẹ́ẹ̀ kò sá jáde? Wọ́n ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé e, wọ́n sì rí ohun tí nọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀. Ikhlas ní ọkọ òun ti àgádágodo mọ́ òun láti ìta, pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí owú.

Ẹbí gbọ́. Ìyá wọn wá sí ọ́fíìsì, wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí. “Kúbúrá, ẹ̀yìn rẹ ló gùn dàgbà. Èèṣì ni kí o kọ.” Háà! Màmá náà kúnlẹ̀, wọ́n sì sunkún. Ṣùgbọ́n bí fáìlì bá sọ pé èèṣì lásán ni, ilé Wàhábì ni Ikhlas yóò padà sí, wọn á sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. “Ìyá mi, ẹ foríjì mí. Mi ò lè kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.” Wọ́n gbé fáìlì padà tọ dókítà lọ. Dókítà bi Ikhlas léèrè fúnra rẹ̀, ó tún àkọsílẹ̀ náà kọ, Màmá sì fi nọ́ńbà tó yẹ sí i.

Àkọsílẹ̀ yìí ni kóòtù lò. Oṣù méjìdínlógún ni Wàhábì fi aṣọ péńpé roko ọba, síbẹ̀ ohun tó ń sọ ni pé nítorí olè lòun ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ikhlas kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó padà sílé baba rẹ̀ ní Òdógbólú, ó ń ránṣọ. Ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí dòní. Ẹbí kẹ̀yìn sí Màmá. Nígbà yìgì Ameenat ọmọ wọn ní 2003, kò sẹ́ni tó wá láti Ìbẹ̀fún. Ìyá wọn kú ní 2006 láìbá wọn sọ̀rọ̀. Ó dùn wọ́n wọra, ẹ má jẹ́ ká purọ́.

Màmá lọ sí Mẹ́kà ní 2008, wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2010. Lẹ́yìn náà, wọ́n di akọ̀wé ẹgbẹ́ àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ́ dé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n jáde láyé, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ òkú, Ikhlas ti dé láti Òdógbólú. Àwọn ìyá ilé ní kò sí nínú ẹbí mọ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó fi ohùn rẹ̀ tó ha yẹn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni,” ó sì bu omi.

Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé yìí fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n fo ọdún 1998, kí wọ́n má sì dárúkọ Ikhlas. Wàhábì ló dìde láàárín wọn, ẹni tí kò fẹnu ara rẹ̀ gbà rí pé òun jẹ̀bi fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ bí Àǹtí mi ṣe kọ ọ́. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kì í ṣe nítorí olè.” Ó jókòó, ó fi fìlà bojú, ó ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Alhaja Kúbúrátù ni àwọn ọmọ wọn, Rídwàn, Ameenat àti Fatihah. Àwọn ọmọ-ọmọ méje, Yasir ni àgbà wọn. Àbúrò wọn, Wàhábì. Àti àbúrò wọn, Ikhlas.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Adésànyà, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín lójú, kí ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, kí ó sì fi Àlùjánńà ṣe ilé yín. Àmín.