Aṣọ Tí Mo Rán fún Ẹ̀rọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù fún ọ? Èmi ń mí, mo sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí wúwo. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á.

O rántí pé tísà sáyẹ́ǹsì tó ń gbé ní ìkángun àdúgbò wa pín ẹ̀rọ kéékèèké fún ilé mẹ́wàá, kí àwa fúnra wa lè máa wọn èéfín ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé nínú afẹ́fẹ́. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ṣe burú tó. Àràárọ̀ la máa ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi gbé tèmi kọ́ sí yàrá ìránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Tèmi ló kéré jù ní gbogbo àdúgbò. Ọgọ́ta lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, àádọ́rin lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, èmi, mẹ́jọ péré! Mo yangàn títí ẹnu fi fẹ́ ya. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ibùsùn ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi wá sí yàrá náà, nítorí ikọ́ àti àyà tó ń dùn ún. O ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ọkàn mi balẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ikọ́ náà ń le sí i. Mo ní òtútù ni. Mo tún ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí afẹ́fẹ́ rere lè ráyè wọlé.

Lánàá ni tísà wá. Ó dúró ṣanṣan. "Màmá, ta ló wọṣọ fún ẹ̀rọ?"

Èmi ni o. Ogójì ọdún nídìí máṣíìnì, mi ò lè rí nǹkan níhòòhò kí n dákẹ́. Mo rán àpò ìlọ́po méjì fún un kí eruku má bàa bà á jẹ́, mo gé ojú síbi tí nọ́ńbà wà, mo tiẹ̀ fi bọ́tìnì sí i. Mo ń retí pé kí ó yìn mí ni. Ó bọ́ aṣọ náà kúrò. Mẹ́jọ di ogún, ogún di àádọ́ta, ó ń gòkè lójú mi kòrókòró, títí ó fi dúró lórí igba ó lé díẹ̀. Fèrèsé mi ló kọjú sí páìpù èéfín ilé búrẹ́dì gan-an.

Ọmọ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ọmọ rẹ sínú èéfín. Ẹ̀rọ ò purọ́, èmi ni mo dí i nímú.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Dókítà fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu, ó ní àyà rẹ̀ á bọ̀ sípò. Yàrá iwájú ló ń sùn báyìí, ikọ́ ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Lọ́la, gbogbo ilé mẹ́wàá máa gbé ìwé nọ́ńbà wa lọ bá onílé búrẹ́dì. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, màá sì ka àṣìṣe mi sétí gbogbo wọn. Bí inú bá ń bí ọ, bínú, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, pè mí.

Ọlọ́run á ṣọ́ èémí rẹ àti èémí ọmọ rẹ. A ò ní fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń tọrọ àforíjì.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí mo ju aṣọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ti mú ìṣáná dání láti dáná sun ún. Ọmọ rẹ di apá mi mú. "Màmá àgbà, èéfín ńkọ́?"